Àga Kábíyèsí Ń Lọ Sílẹ̀

Kí olúkúlùkù wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jókòó sí, torí ọ̀rọ̀ ìjókòó ni ìtàn yìí dá lé lórí. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká jókòó síbi tí a ò ní lè dìde mọ́. Àmín.

Nígbà tí Igbó Ìdẹ̀ra ṣì ní ọba, tí ewéko ibẹ̀ gan-an ṣì ń bẹ̀rù òfin, Kìnnìún ló wà lórí oyè. Ọba dáadáa ni, bí a bá fi í wé àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀: kì í jẹ ọmọ ìlú kankan láìkọ́kọ́ bi í léèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Orí kùkùté ìrókò kan ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti jọba. Orí rẹ̀ lòun náà jókòó sí fún ọdún mọ́kànlá, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dun ọba, ta ni yóò sùn? Bó bá kérora lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìjòyè a kérora tẹ̀ lé e, kó má baà dà bí ẹni pé òun nìkan ni ara ń ro.

Ìkookò ni Ọ̀tún Ọba. Kò sí ohun tó ń ṣe ọba tí Ìkookò kò mọ ẹni tó yẹ kó jìyà rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìkérora náà kò dáwọ́ dúró, ó gba ẹ̀bá igbó lọ, níbi tí àwọn ọmọ ènìyàn tó ń gégẹdú ti kọ́ ọ́fíìsì kan sí nígbà kan rí, kí wọ́n tó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ó mú Ẹfọ̀n, tó jẹ́ Balógun, dání, Ẹfọ̀n sì gbé àga kan sẹ́yìn wá sílé.

Àga náà kì í ṣe ẹgbẹ́ kùkùté. Awọ dúdú ló bò ó. Ẹsẹ̀ márùn-ún ló ní, táyà kékeré sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òpó irin kan ṣoṣo ló gbé ìjókòó rẹ̀ dúró, irin pẹlẹbẹ kan bí ahọ́n sì yọrí jáde lábẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ mọ ẹ̀yìn tọ́jú: bí ẹni tó jókòó bá fara tì í, a fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bó bá nàró, a tẹ̀ lé e bọ̀ bí ìránṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. Kókó dúdú kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń yí, òun ló ń sọ bóyá yóò le tàbí yóò rọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí àga náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo igbó. Àkókó ni, káfíńtà ààfin, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi. Kí àwọn agégẹdú tó lọ, igi tó kọjú sí fèrèsé ọ́fíìsì wọn ló fi ṣe ibi iṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń wo akọ̀wé apárí kan tó máa ń jókòó lórí àga yẹn. Bí akọ̀wé bá fẹ́ kí àga ga, a gbé ìdí kúrò lórí rẹ̀, a fa irin pẹlẹbẹ náà sókè, ìjókòó a sì máa tẹ̀ lé ìdí rẹ̀ bọ̀ lókè fúnra rẹ̀, fìììì. Bó bá ju irin sílẹ̀, àga dúró síbẹ̀ nìyẹn. Bó bá fẹ́ kó lọ sílẹ̀, a jókòó lé e dáadáa, a fa irin kan náà, àga a sì rì. Irin kan náà ni. Ìdí ẹni tó jókòó ló ń sọ fún un bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀.

Ohun tí Àkókó mọ̀ nìyẹn. Bí yóò ṣe sọ ọ́ ni kò mọ̀.

Èèwọ̀ méjì wà láàfin Igbó Ìdẹ̀ra. Àkọ́kọ́ ni pé ọba kò gbọdọ̀ gbé ìdí kúrò lórí àga lójú ìgbìmọ̀. Bí ìjòyè bá fi ojú rí àlàfo láàrin ìdí ọba àti àga, oyè ti ṣófo nìyẹn, kí wọ́n máa wá ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ìjòyè ló máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rìn jáde, kí Kábíyèsí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dìde. Ẹni tó bá sì la ẹnu sọ fún ọba pé kó dìde, kò ní fi ẹnu náà jẹun alẹ́. Èkejì ni pé bí kò bá sí ọba lórí àga, aṣọ ni wọ́n ń fi bò ó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó bá ń fọwọ́ pa àga tó ṣófo lára ti fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn. Kìnnìún kọ́ ló dá èèwọ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ó bá wọn níbẹ̀ ni, wọ́n sì bá a lára mu.

Ẹ wá wò ó. Bí ọba bá wà lórí àga, àga kò lè gòkè. Bí kò bá sí lórí rẹ̀, ta ni yóò gbé e gòkè?

Ọjọ́ tí wọ́n fi àga tuntun ṣèpàdé àkọ́kọ́, Kìnnìún fara ti ẹ̀yìn, àga sì fara tì í lọ. Àwọn ìjòyè rí i pé Kábíyèsí fara tì, àwọn náà fara tì, wọ́n gbàgbé pé orí àpótí làwọn wà, àpótí kò sì ní ẹ̀yìn. Balógun Ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣubú. Ó rọra ṣubú bí ẹni tó ń yẹ́ ọba sí, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e ní ìpele ìpele, bí oyè wọn ṣe tò.

"Ó dùn," ni Kìnnìún wí. "Ẹ̀yìn mi ń dúpẹ́. Àmọ́ ó fẹ́ rẹlẹ̀. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ fún mi."

Ọba kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa nǹkan, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi Ìkookò jẹ Alámòójútó Irin, kún oyè mẹ́rin tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkookò nu ọwọ́, ó kí àwọn baba ńlá rẹ̀, ó fa irin. Fìììì. Àga rì ní ìwọ̀n ìka méjì.

Gbogbo ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ọ̀tún," ni ọba wí.

"Kábíyèsí."

"Ṣé òkè lò ń gbé mi lọ yìí?"

"Òkè tààrà ni, Kábíyèsí."

"Ó ń ṣe mí bí ẹni ń rì."

"Ẹ ò rì, Kábíyèsí. Ilẹ̀ ló ń ga. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gorí oyè ni ilẹ̀ yìí ti ń ga bọ̀, àga yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ká rí i. Ìlọsíwájú nìyẹn."

Ọba ro ó wò, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ọ̀gà, tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀: Ìlọsíwájú. Ara Ọ̀gà ti dúdú bí awọ àga nígbà náà, torí bí ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ṣe rí ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń rí. Ìwé rẹ̀ nìkan ni kì í yí padà. Ohun tó bá ti kọ lójú ọba, ó di òfin, ọba pàápàá kò lè pa á rẹ́.

Láti orí igi àjà, Àkókó na ọrùn. Ó ń ro bí nǹkan ṣe rọrùn tó, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Kábíyèsí, ohun tó kù ni kí ẹ kàn gbé…"

Ìkookò gbójú sókè wò ó. "Kí wọ́n kàn gbé kí ni, káfíńtà?"

Àkókó fa ọrùn padà. "Kí wọ́n kàn gbé ọkàn wọn lélẹ̀, bàbá. Àga tuntun máa ń ní wàhálà ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìkookò wí. "Mo rò pé ohun tó o fẹ́ sọ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ. Ní gbogbo ìpàdé, ọba a ní kí wọ́n gbé òun sókè, Ìkookò a fa irin, ọba a sì rì. Kò pẹ́ tí orí àwọn ìjòyè fi ń ga ju orí ọba lọ, èyí kò sì ṣeé gbọ́ sétí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àkókó pé kó gé ẹsẹ̀ àpótí. Ó gé e. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gé e. Nígbà tí àpótí kò ní ẹsẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó sórí ẹní. Nígbà tí ẹní náà ga jù, wọ́n ká a kúrò.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti Àgùnfọn. Àgbà ni nínú ìgbìmọ̀, oníwà tútù ni, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò gba ìmọ̀ràn. Bó bá dọ̀bálẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ a wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dákun," ni Àgùnfọn wí, "kì í ṣe ìgbéraga ni mo fi ga. Báyìí ni ìyá mi ṣe bí mi."

"Kò sẹ́ni tó ń bú ìyá yín, àgbà," ni Ìkookò dáhùn. "Ibi tí ẹ máa gbé ọrùn sí là ń béèrè."

"Mo lè fi sílé."

"Kí ẹ wá máa fi kí ni dá sí ọ̀rọ̀?"

Balógun Ẹfọ̀n, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ torí ìrònú máa ń mú un làágùn, gbé ọwọ́ sókè. "Ṣebí Ọ̀tún ní ilẹ̀ ló ń ga? Ká gbẹ́ ilẹ̀, ká jókòó sínú rẹ̀."

Wọ́n kí i kú ọgbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé kọ̀ọ̀kan ní Igbó Ìdẹ̀ra fi ẹnì kan ránṣẹ́ fún iṣẹ́ ìlọsíwájú. Ọ̀yà gbẹ́lẹ̀, Òkété gbẹ́lẹ̀, Ìkún fi orí ru erùpẹ̀, ebi sì ń pa àwọn ọmọ wọn nílé. Kòtò náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àga ọba títí dé ògiri kejì. Inú rẹ̀ ni àwọn ìjòyè ń sọ̀ kalẹ̀ sí fún ìpàdé, tí wọ́n á tò jókòó lẹ́sẹẹsẹ, Ìkookò ní ìdí àga gan-an, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó irin láti ìsàlẹ̀. Ohùn wọn ń dún hòò nínú kòtò, wọ́n sì gbà láàrin ara wọn pé ọ̀rọ̀ àwọn ti ní ìtumọ̀ jinlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Títí dé ibẹ̀ yẹn, ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún Àkókó. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà sílé, ó ń sọ ọ́ fún aya rẹ̀ Àwẹ̀ró, àwọn méjèèjì a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀ka á fi máa mì. Ọjọ́ tí ẹyẹ kan ya ìgbẹ́ sí Ìkookò lórí lọ́nà ààfin ni ẹ̀rín tán.

Ìkookò gbójú sókè láti wo ẹni tó ṣe é, ohun tó rí sì bà á lẹ́rù. Ìtẹ́ ló rí. Ìtẹ́ lórí àràbà, ìtẹ́ lórí ọ̀mọ̀, ìtẹ́ ẹyẹlé, ìtẹ́ ẹ̀gà, gbogbo wọn ló wà lókè, tí wọ́n ń wo orí ọba nísàlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kéde rẹ̀: ibikíbi tí ẹyẹ bá ń gbé, tó ga ju àga Kábíyèsí lọ, kí onílé kó ẹrù àti ẹyin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán ọjọ́ kẹta tó pé. Igi ẹni tó bá kọ̀, wọn yóò wó o.

Àdàbà, tó jẹ́ olùgbọ́ràn, sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èèpo ẹyin nìkan ló kù nínú koríko, àwọn èèrà sì ti ń palẹ̀ ìyẹn náà mọ́.

Ẹyin mẹ́ta ni Àwẹ̀ró ń sàba lé nínú ihò igi ayunrẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí àwọn ọmọ tó jáde. Àkókó bà sí ẹnu ihò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò lè wọlé.

"Ẹ wọlé, ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìkéde náà ti dé etí mi. Mo tún ti rí Àdàbà."

"Mo ti ń wo ìdí igi. Bóyá tí mo bá gbẹ́ àpótí kékeré kan…"

"Kí èèrà lè rí ilẹ̀kùn kàn?"

Àkókó wọlé, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ bí àga yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́," ni aya rẹ̀ tún wí. "Bí àga bá gòkè, ọkàn ọba á balẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, a lè bẹ̀ ẹ́."

"Kó tó gòkè, ọba ní láti dìde. Bí mo bá sọ pé kí ọba dìde, opó ló máa tọ́ àwọn ọmọ yìí."

"Ta ló ní kí ẹ sọ ọ́?" Ó yí ẹyin kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. "Nígbà tí ẹ wá tọrọ mi nílé bàbá mi, tí mo kì yín dé orí ìyá tó bí ìyá yín lọ́mọ, ṣé ẹ̀ka lẹ jókòó sí?"

Àkókó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Mi ò mọ ìgbà tí mo gbéra. Inú afẹ́fẹ́ ni mo bá ara mi."

"Ẹ ṣubú sínú omi."

"Mo ṣubú sínú omi. Ṣé ó di dandan kí o máa rántí ìyẹn?"

"Mi ò tíì rí ọkùnrin tí wọ́n kì dáadáa tó lè jókòó dé ìparí. Ọba náà, ọkùnrin ni. Ìdílé akéwì ni mo ti wá, mo mọ oríkì Kìnnìún láti ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà. Ẹ jókòó kí n kọ́ yín kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ó kọ́ ọ. Nígbà tó mọ̀ ọ́n dé ìparí, àwọn méjèèjì tẹrí ba lórí ẹyin mẹ́ta náà. "Ọlọ́run," ni Àkókó wí, "Ìwọ Ọba tí kì í fẹ̀yìn ti nǹkan kan, tí gbogbo nǹkan ń fẹ̀yìn tì, ràn mí lọ́wọ́ lọ́la. Mi ò béèrè kí ọba gbọ́n. Kó sáà dìde lẹ́ẹ̀kan." Àwẹ̀ró ṣe àmín.

Ọjọ́ kẹta pé. Àwọn tí yóò wó igi ti ń pọ́n àáké níta nígbà tí Àkókó wọ ààfin. Kìnnìún jókòó, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, eékún rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ ti padà wá, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

"Kábíyèsí," ni Àkókó wí, "mo ti yẹ àga yìí wò. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọlá ló ń dùn ún. Wọn ò tíì kì yín lórí rẹ̀ rí."

Ìkookò fura, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ta ko pé kí wọ́n kì ọba. "Kí ni ká ṣe, káfíńtà?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà àwọn baba wa ni, bàbá. Kí gbogbo ìjòyè dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kì ọba. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ fa irin yẹn mú, kí ẹ má sì jù ú sílẹ̀."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Ojú ń lọ sílẹ̀, bàbá. Ọwọ́ nìkan ló wà lókè."

Wọ́n dojú bolẹ̀ nínú kòtò. Àgùnfọn ká ọrùn mọ́ra bí okùn. Ọ̀gà gbé gègé sílẹ̀, ó di àwọ̀ erùpẹ̀, a kò rí i mọ́. Ìkookò fi imú kan ilẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó di irin mú. Àkókó wá bà sí apá àga, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀:

"Kìnnìún ọmọ Abúramúramù,
ọmọ Onírun-ọrùn-bí-oòrùn-àárọ̀.
Ẹ rin ọ̀dàn já, koríko kúnlẹ̀ kí yín.
Ẹ tẹnu bọ odò, ọ̀nì yà fún yín bí ẹni yà fún àna."

Ọba gbọn irun ọrùn rẹ̀. Ìfẹ̀yìntì àga tẹ̀ lé e bọ̀ síwájú.

"Bàbá yín gbọ́ ìró ogun, kò jókòó bi í léèrè.
Ó ta bí ọfà, ó ré odò kọjá,
ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ilẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ẹ ní hòò.
Ọmọ afò-má-wẹ̀yìn, ẹ̀yìn yín kò ṣeé rí."

Èékánná ọba há mọ́ apá àga. Ìdí rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò. Àkókó gbọ́ ìró àáké níta. Ó rántí pé ó ku ti ìyá.

"Ọmọ Àṣàbí, abiyamọ tí iná ìgbẹ́ ká mọ́lé.
Iná wà níwájú, iná wà lẹ́yìn.
Ó gbé yín sẹ́nu, kò bù yín jẹ,
ó gbé yín la iná kọjá, kò já yín sílẹ̀.
Irun rẹ̀ jó, ẹ̀ ń sùn.
Àṣàbí ń bẹ lódì kejì, ó ń pè yín, ẹ dá ìyá yín lóhùn."

Kìnnìún dìde. Kò mọ̀ pé òun dìde. Ó nàró tán pátápátá, orí rẹ̀ kan ewé àjà, omi wà lójú rẹ̀, ó sì bú ramúramù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìjòyè fi ki imú bọ inú ilẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, fìììì, àga ń bọ̀ lókè, ó ń bọ̀, ó dé ibi tí agbára rẹ̀ pin. Àkókó na ọrùn sísàlẹ̀, ó fi ẹnu gún Ìkookò lọ́wọ́, kóó. Ìkookò ju irin sílẹ̀.

Nígbà tí ọba fi jókòó padà, àga gbà á sókè, kò rì.

Kìnnìún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí kò kan ilẹ̀ mọ́. Ó wo ìjòyè rẹ̀ nínú kòtò, tí ojú wọn ṣì wà nínú erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ẹyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Káfíńtà."

"Kábíyèsí."

"Kí lo rí?"

"Ẹyẹ ni mí, Kábíyèsí. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú mi wà. Mi ò rí ohun tó wà níwájú mi dáadáa rí."

Ọba ro èyí náà wò. "Ẹyẹ rere ni ọ́," ló wí, ó sì gbé ohùn sókè: "Ẹ dìde, ẹ wò mí."

Wọ́n gbójú sókè. Àgùnfọn, tó ti ga ju gbogbo ẹlòmíràn lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ni ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu jù. Ìkookò fi ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó sì ti mọ ohun tí yóò sọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ló ní. "Bí a ṣe gbẹ́ ilẹ̀ tó ni ọba wa ṣe gòkè tó. Kòtò yìí ló ṣe é."

"Ká tún gbẹ́ ẹ sí i?" ni Ẹfọ̀n béèrè.

"Ká gbẹ́ ẹ sí i."

Inú ọba dùn púpọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin náà mọ́ láéláé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri níbi tó ti ń fì dirodiro, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àkókó rí i pé àsìkò ti tó. "Kábíyèsí, àwọn tó fẹ́ wó igi wà níta. Wọ́n ní ìtẹ́ wa ga jù yín."

Kìnnìún dáwọ́ ẹsẹ̀ fífì dúró. Ọjọ́ tó ga jù láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan tún ga ju òun lọ. Ó fi ojú wá Ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ọ̀tún. Ìtẹ́ mélòó ló kù tó ga jù mí, bí mo ṣe wà yìí?"

Ìkookò mọ̀ pé ìtẹ́ kún orí igi gbogbo. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ọba ń dúró de ìdáhùn kan pàtó. Ó na ọrùn láti inú kòtò, ó wo òkè. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọba méjì ló rí, àti ewé àjà díẹ̀ láàrin ìka ẹsẹ̀.

"Kò sí ẹyọ kan, Kábíyèsí. Láti ibi tí mo wà yìí, ẹsẹ̀ yín ló borí ohun gbogbo."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo fojú ara mi rí i. Kò sí ìtẹ́ kankan lókè ní gbogbo Igbó Ìdẹ̀ra."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni ọba wí fún Ọ̀gà, Ọ̀gà sì kọ ọ́: Kò sí ìtẹ́ kankan lókè. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn aláàáké níta pé kí wọ́n máa lọ sílé, torí igi tí kò ní ìtẹ́ lórí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Kí wọ́n sì mú àáké dání padà láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n fi gbẹ́ kòtò.

Àkókó dúpẹ́, ó gba ojú fèrèsé jáde. Àwẹ̀ró ti ń na ọrùn wò ó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní a ò sí."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì dìde lórí ẹyin mẹ́ta náà kí ọkọ rẹ̀ lè sàba lé wọn, torí ebi ti ń pa á láti àárọ̀.